Orin Tí Ìbíyẹmí Ń Kọ Sí Ògiri

Sátidé tó parí oṣù kìíní ọdún 1996 ni wọ́n fẹ́ dá Ọmọ́wùnmí padà sílé ọkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Festus, ló dá ọjọ́. Òun náà ló ránṣẹ́ sí àwọn àna pé kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá, nígbà tí àwọn tó ń ṣọ́ ìmọ́tótó bá ti jẹ́ kí mọ́tò máa rìn. Kò bi Ọmọ́wùnmí léèrè. Ta ní í bi ẹrù pé ibo ló ń lọ?

Ilé Festus wà ní Igando, kò jìnnà sí ààtàn ńlá. Ilé ara rẹ̀ ni, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, wọn ò tíì rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ ìmọ́tótó ni èéfín máa ń pọ̀ jù ládùúgbò yẹn, torí gbogbo ilé ló ń sun pàǹtí tirẹ̀, ààtàn náà sì ń jó láti abẹ́ wá, iná tí ẹnikẹ́ni ò rí, tí kì í sì í kú. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, oòrùn pupa rúsúrúsú, èèyàn lè wò ó lójú kó má sẹ́jú. Ẹyẹ kan ò ké.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ọmọ́wùnmí ti lò nílé bàbá rẹ̀. Ọ̀sán gangan ló wọlé, òun àti báàgì kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìbíyẹmí, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò pé ogún. Kì í ṣe pé ó ń bínú o. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ abọ́, ó ń pọnmi, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. O lè wà ní pálọ̀ kí o kàn yíjú, kí o bá a lẹ́yìn rẹ, kó ti dúró síbẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Susanna, ìyá rẹ̀, ti tìtorí ẹ̀ fọ́ ife. Egbò sì wà ní igun ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ọ̀tún àti òsì, wọ́n rí bákan náà. Susanna ní ibà ló yọ sí i lẹ́nu. Ó ra ògùn ibà fún un, ó ń po ògì fún un láràárọ̀ nítorí kò lè la ẹnu jẹun dáadáa. Ibà! Ẹ bá mi rí nǹkan.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àlejò ni wọ́n jí bá láàárọ̀ yẹn.

"Kí lo fẹ́ sè tí o fi ń bèèrè irinwó náírà?" Festus bèèrè. Ó wà lórí àga rẹ̀, ó ń fi àkísà nu bàtà. Bàbá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Bí tọkọtaya bá ń jà, òun ni wọ́n ń pè kó wá bá wọn parí ẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká se adìẹ, sà," Susanna dáhùn. "Adìẹ ti wọ́n gógó lọ́jà. Ìrẹsì náà ò ṣeé fọwọ́ kàn."

"Ṣé kí àna mi wá jẹ ìrẹsì lásán ni? Kí wọ́n ní a kó ọmọ wọn pa mọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, a ò sì mọ iyì wọn?" Ó ju owó sórí tábìlì. "Ó tó ọ, kò tó ọ, lọ ṣètò."

Susanna sún mọ́ tábìlì. "Bàbá Ọmọ́wùnmí, mo ń rò ó pé bóyá kí ọmọ yìí ṣì..."

Festus wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò sì gbójú sókè kúrò lára bàtà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bá kú sí Susanna lẹ́nu. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó kó owó náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í nà tán.

"Bóyá kí ó ṣì kí ni?"

"Kò sí nǹkan, sà. Ẹ ṣeun."

"Ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́," Festus sọ fún bàtà náà. "Èmi ò bí dálémoṣú."

Èéfín bá dé. Ó gba abẹ́ fèrèsé wọlé, ó ń rá lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó gòkè. Susanna sáré pa fèrèsé dé, ó ti ilẹ̀kùn àbájáde, ó fa irin ẹ̀yìn rẹ̀, irin náà sì dún gbàgà. Pálọ̀ ṣókùnkùn lójúmọmọ.

Ìbíyẹmí ti ń fi ìdérí ìgò mínírà ṣeré nílẹ̀. Bí irin yẹn ti dún báyìí, ó dìde. Kò wo ẹnì kankan. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó kọjú sí i, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Ó wá ń kọrin:

"Adìẹ mi ti yé,
Ẹyin funfun báláú.
Mo kó o sápẹ̀rẹ̀,
Kò fọ́, kò fọ́, kò fọ́."

Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ó kọ ọ́ tán, ó tún un kọ, ó tún un kọ. Kò jó, kò mirí, kò pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé ti ń ṣe tórin bá dùn mọ́ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ itan rẹ̀ gbọnrangandan.

"Ẹ wo ọmọ yìí!" Festus rẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ́ akọrin lèyí máa bá lọ."

Susanna ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá lọ wo Ọmọ́wùnmí. Ó bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká orúnkún jọ, ó di ojú rẹ̀ pinpin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

"Ṣé ibà ọ̀hún ló tún dé?"

Ọmọ́wùnmí mirí. Kò lajú títí èéfín fi fúyẹ́, tí Susanna lọ ṣí ilẹ̀kùn. Irin dún, orin sì gé lágbedeméjì. Ìbíyẹmí ti padà sídìí ìdérí ìgò rẹ̀ bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n dáná lẹ́yìnkùlé, Mọ̀dínátù wá bá wọn ṣa òkúta inú ìrẹsì. Kẹrosíìnì ni Mọ̀dínátù ń tà ní ilé kejì, kò sí ọ̀rọ̀ àdúgbò tí kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá.

"Wọ́n ní ọkọ ń bọ̀ wá mú aya," ó ní, ó ń da ìrẹsì sórí àtẹ. "Alùbáríkà ni jàre. Àwọn míì, kí wọ́n tó délé bàbá wọn, òmíràn ti ń se ọbẹ̀ nílé tí wọ́n kúrò. Ìyá Ṣàfíù tó ń gbé lẹ́yìn ilé ọkọ rẹ ní Ìdímù sọ fún mi pé ọkọ ẹ ò mutí, kò jalè. Ó ní lóòótọ́, ẹ máa ń jà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́rin, èèyàn ò gbọ́ pìn-ín láti yàrá yín. Ọmọ́wùnmí, kí lo tún ń wá?"

Ọmọ́wùnmí wà nídìí ìkòkò. Ó ń ro ata nínú òróró. Ata náà ta, òróró gbígbóná dà sí i lọ́rùn ọwọ́. Kì í ṣe díẹ̀. Mọ̀dínátù rí i bó ti ń ṣàn lọ sí ìgúnpá rẹ̀.

Ọmọ́wùnmí la ẹnu. Ó là á gbàgàdà débi pé egbò igun ẹnu rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ yọ. Iṣan ọrùn rẹ̀ le, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ò jáde. Ẹnu náà là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, igbe wà nínú ẹ̀, igbe ò dún. Nígbà tó ṣe, ó pa ẹnu dé, ó ti ọwọ́ bọ omi tútù, ó padà sídìí ata rẹ̀.

Mọ̀dínátù gbé àtẹ sílẹ̀. "Lá iláha! Màmá Ọmọ́wùnmí, ṣé ẹ rí ohun tí mo rí?"

"Ọmọ náà láyà ni," Susanna ní. Ó ń wo ìdí ìkòkò.

"Àyà kọ́ o. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, mo mọ igbe. Ẹni tí iná jó tí kò ké, ẹnìkan ló kọ́ ọ." Ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó dìde. Ìrẹsì tó kù lórí àtẹ, kò ṣà á tán kó tó lọ.

Susanna jókòó ti àtẹ yẹn. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá ń ṣa òkúta tó kù. Adìẹ ti ń hó.

Aago méjì ku díẹ̀ ni àwọn àna dé. Mẹ́ta ni wọ́n. Kọ́lápọ̀, ọkọ Ọmọ́wùnmí, ló ṣíwájú. Akọ̀wé ni níléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, ojú áyọ́ọ̀nù hàn ketekete lápá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà kan sìmẹ́ńtì, kò sì dìde títí Festus fi ní ó tó. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Àwọn ìyá ìjọ máa ń ní ohùn rẹ̀ dà bíi ti pásítọ̀. Julius, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé kéèsì mínírà kan lọ́wọ́. Ẹnì kẹta ni Àlàájì Jàfárù, onílé wọn ní Ìdímù. Wọ́n mú un wá kó wá jẹ́rìí.

"Bàbá, Màmá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀," Julius bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ohun tó bí wa nínú ju báyìí lọ, a máa ń parí ẹ̀. Ìyàwó wa bínú lọ, a ò mọ ohun tí a ṣe. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́."

"Ọmọ yín ni," Festus dá a lóhùn. "Ilé yín ló ń padà sí."

Jàfárù gbé fìlà sórí orúnkún. Àgbàlagbà tí kò lẹ́tàn ni, ohun tó bá rí ló máa sọ. "Bàbá ìyàwó, èmi ni mo nilé tí wọ́n ń gbé. Nígbà kan, wọ́n ń dà wá láàmú. Igbe ìyàwó yìí kì í jẹ́ ká sùn. Ní oṣù kẹsàn-án, mo pe Kọ́lápọ̀, mo ní, 'Ilé mi kì í ṣe pápá ìjà. Ọjọ́ tí mo bá tún gbọ́ igbe ìyàwó rẹ, ìwọ àti ẹrù rẹ, ìta.' Mo fi Ọlọ́run búra, láti ọjọ́ náà, n ò gbọ́ igbe mọ́. Orin ọmọ wọn nìkan là ń gbọ́. Bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn, orin ni. Inú wa máa ń dùn sí i."

"Ẹ ò gbọ́!" Festus yíjú sí Susanna. "Orin! Ilé tí wọ́n ti ń kọrin." Ó gbé ohùn sókè: "Ọmọ́wùnmí! Gbé oúnjẹ wá. Tí o bá gbé e kalẹ̀, wá kúnlẹ̀ síbí, kí n fi ọwọ́ rẹ lé ọkọ rẹ lọ́wọ́, ká gbàdúrà."

Báàgì Ọmọ́wùnmí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í.

Èéfín tún yọ. Julius ló sún mọ́ ilẹ̀kùn jù, ó ní, "Háà, èéfín àdúgbò yín yìí mà le o," ó tì í, ó sì fa irin.

Gbàgà.

Ìbíyẹmí ti fẹ̀gbẹ́ ti ẹsẹ̀ Susanna. Ó dìde. Ó kọjá níwájú bàbá rẹ̀ láìwò ó, ó lọ sídìí ògiri, ó kọjú sí i.

"Adìẹ mi ti yé, ẹyin funfun báláú..."

"Orin náà nìyí!" Inú Jàfárù dùn, ó na ìka. "Èyí gan-an ni! Ẹ gbọ́ bó ti ń..."

Kò parí ẹ̀. Ọmọ́wùnmí ti yọ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú àwo oúnjẹ. Bó ti gbọ́ orin, ó dúró. Ó gbé àwo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣíbí kan ò ró. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká orúnkún jọ. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká etí gèlè náà sí ọ̀nà mẹ́rin bí ẹni ń ká aṣọ tí wọ́n fọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki aṣọ náà bọ ẹnu. Ó fi ìka tì í wọlé títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú. Ó wá dijú, ó ń retí.

"Kò fọ́, kò fọ́, kò fọ́," ni ọmọ ń wí.

"Yẹmí," Kọ́lápọ̀ ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó tó báyìí. Dákẹ́."

Orin ròkè.

"Yẹmí! Mo ní kí o dákẹ́!"

Orin tún ròkè sí i. Bó ti ń pariwo mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ lohùn ọmọ ń gòkè, títí tó fi di igbe, orin ṣì ni. Susanna lọ kúnlẹ̀ tì í. "Ìbíyẹmí, ọmọ mi. Ta ló ní kí o máa kọrin?"

Ọmọ náà ò yíjú. Ó sọ ọ́ wéré, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àyè pọ̀ láàárín ẹsẹ orin. "Màmá àgbà, ẹ má jẹ́ kí n dákẹ́. Dádì ní tí ilẹ̀kùn bá ti dún, kí n kọjú sí ògiri, kí n kọrin. Tí Dádì bá ń bínú, kí n kọ ọ́ sókè. N ò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n ní tí mo bá dákẹ́, Mọ́mì á kú." Ó gba èémí. "Adìẹ mi ti yé..."

Susanna fi orúnkún rìn kọjá pálọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ tirẹ̀. Ó fa gèlè yẹn. Ó ń fà á, kò tètè tán, ó tutù, ẹ̀jẹ̀ igun ẹnu wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ibà. Kò fìgbà kan jẹ́ ibà.

"Ọmọdé lẹ ń dá lóhùn?" Kọ́lápọ̀ ní. Ohùn rẹ̀ ti padà sílẹ̀, ó tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ọ̀rọ̀ abẹ́ òrùlé ni. Bàbá, ọkùnrin lẹ̀yin náà, ó yé yín."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù," Julius ní. "Ahọ́n àti eyín..." Ó rí ẹnu Ọmọ́wùnmí. Kò parí òwe náà.

Jàfárù ló dìde. Fìlà ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣà á. "Ìyàwó mi," ó ní, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi máa ń yọjú lójú fèrèsé wa, á ní, 'Ọmọ dáadáa, orin rẹ dùn, tún un kọ.' Èmi náà a máa sọ bẹ́ẹ̀. A ní kó tún un kọ. Á sì tún un kọ." Ó yíjú sí Kọ́lápọ̀. "Ìwọ, kí o tó dé Ìdímù, ẹrù rẹ á ti wà níta."

Òun ló ṣí ilẹ̀kùn. Irin dún, orin sì dákẹ́.

Festus ti wà lórí àga rẹ̀ látìgbà náà. Ó wá dìde tìbínú-tìbínú. "Jáde! Kọ́lápọ̀, gbé mínírà rẹ, kí o jáde nílé mi! Ọmọ mi ò padà síbẹ̀ mọ́, lónìí, lọ́la, láéláé. Bí o bá tún tẹ àdúgbò yìí, wọn á gbé ọ lọ!" Kọ́lápọ̀ fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lápá. Wọ́n jáde sínú èéfín, wọn ò sì rí wọn mọ́ kí wọ́n tó dé ojú títì.

Susanna tú báàgì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń kó aṣọ Ọmọ́wùnmí padà sí yàrá níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà tán. Ó padà wá jókòó nílẹ̀, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan. Ìrẹsì ti tutù. Ọmọ́wùnmí ń sunkún, ó sì dún díẹ̀, bíi kí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ ní títì máa ṣí.

Ṣùgbọ́n inú Festus ò rọ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbá tábìlì. "Irú ẹranko wo nìyí? Kí lọkùnrin ń pè ní agbára? Obìnrin tí ìyá ẹ̀ bí, tí mo fi owó mi tọ́! Èmi, Festus, kí ẹnìkan máa lu ọmọ mi bí aṣọ òkè! Ìwà ìkà! Ọlọ́run ò ní..." Ohùn rẹ̀ kún ilé, àwọn aládùúgbò ti ń yọjú.

Ìbíyẹmí wò ó. Ó yọ́ rìn wá sọ́dọ̀ Susanna, ó fi ẹnu sí i létí, ṣùgbọ́n ọmọdé ò mọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sọ, gbogbo wọn ló gbọ́.

"Màmá àgbà, Bàbá àgbà ti ń bínú. Ṣé kí n kọrin fún yín ni? Ta ló máa ń kọrin fún yín?"

Festus dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, lórí tábìlì. Ọmọ́wùnmí gbé orí kúrò ní itan, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

Susanna gbójú sókè. Kò wo ọmọ, kò wo ọmọ-ọmọ. Festus ló ń wò, tààrà, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Kò sẹ́ni tó kọrin fún mi, ọmọ mi," ó ní. "Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ igbe mi."